Wákàtí 720: fẹ́lóṣíìpù dátà ìlú kan ní Àkúrẹ́ kí ìdìbò káńsù tó dé

Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2024 ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n mú fún fẹ́lóṣíìpù náà, ìyẹn iṣẹ́ aláàbọ̀ àsìkò fún ará ìlú, kọ́kọ́ jókòó pọ̀, nínú kíláàsì kan tí ilé ìwé aládàáni yá wọn ní Òkè-Àró. Olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan wà níbẹ̀, àti nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́), agùnbánirọ̀ kan, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, fẹ́lóṣíìpù náà ò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó fóònù díẹ̀. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ondo bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2025. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gééré ló kù.

Iṣẹ́ náà ò ṣòroó sọ: kí wọ́n wá àwọn àkọsílẹ̀ tí ìjọba ti ní lọ́wọ́ nípa wọ́ọ̀dù, ibùdó ìdìbò àti iṣẹ́ káńsù, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n sì gbé e síbi tí ará ìlú á ti rí i kó tó jáde lọ dìbò.

Ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ga bí òkè Ìdànrè. Máàpù kan ni wọ́n fẹ́ ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ibùdó ìdìbò 3,933 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà máa wà lórí rẹ̀. Téèyàn bá tẹ ọ̀kan, á rí ibi tó wà gan-an, wọ́ọ̀dù rẹ̀, àwọn tó ń díje fún kánsẹ́lọ̀ níbẹ̀, àti iye tó ń wọ àpò káńsù lóṣooṣù. Olùkọ́ ló fa bírò yọ. Èèyàn mẹ́fà, wákàtí mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ méjìlá: wákàtí 720 ni gbogbo rẹ̀. Bí yíyẹ ibùdó kan wò bá gba ogún ìṣẹ́jú péré, láìka ìrìn mọ́ ọn, ibùdó 3,933 á jẹ wákàtí 1,311. Ó sì wà lára àwọn ti Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀.

Ó yẹ kí ìṣirò yẹn ti wà nínú ìwé ètò kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ irú ètò báyìí kì í ṣe é, torí máàpù ńlá ló máa ń dùn létí ẹni tó fẹ́ gbé owó kalẹ̀. Kí wọ́n tó dìde lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gé iṣẹ́ náà kù sí Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan, wọ́ọ̀dù 11. Ìgé yẹn ló gba gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e là.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sórí ohun kan tí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń rò pé tẹrú-tọmọ ti mọ̀: pé àjọ méjì ló wà. INEC, àjọ ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ló ń tọ́jú ìwé orúkọ olùdìbò, òun náà ló sì ń ṣe ìdìbò gómìnà, èyí tó wáyé lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àárín fẹ́lóṣíìpù náà gan-an. Ìdìbò káńsù, àjọ ti ìpínlẹ̀ ló ni ín, ìyẹn ODIEC ní Ondo; abala 197 òfin 1999, ìyẹn ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ló dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. IReV tí àwọn èèyàn ń yẹ̀ wò lórí fóònù fún èsì, ti INEC ni, èsì káńsù tí àjọ ìpínlẹ̀ ṣe kì í sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ti ń kọ kóòdù tó máa fa èsì jáde láti IReV fún ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Kóòdù náà dára. Kò wúlò.

Agùnbánirọ̀ inú wọn tún bọ́ sáàárín àwọn tí INEC gbà síṣẹ́ ọjọ́ ìdìbò gómìnà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ibùdó ìdìbò kankan títí ìdìbò náà á fi kọjá, kó lọ máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ka sínú fóònù. Ìpinnu kékeré ni, àmọ́ nígbà tí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú wá béèrè lẹ́yìn náà pé ṣé kì í ṣe INEC ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn lábẹ́lẹ̀, ìdáhùn ti wà nílẹ̀, ọjọ́ sì wà lára rẹ̀.

Lẹ́tà ni ìkọsẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn 2011, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI, fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Wọ́n kọ lẹ́tà ojú mẹ́ta sí àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀, ìbéèrè mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, olùkọ́ sì rán àbúrò rẹ̀ kan pé kó lọ fi í sílẹ̀, torí iṣẹ́ kíláàsì ò jẹ́ kóun fúnra rẹ̀ lè lọ. Àbúrò fún mẹ́séńjà lẹ́nu géètì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ méje pé, ọjọ́ mẹ́wàá pé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ láti béèrè, wọ́n ní àwọn ò rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Wọn ò lè jiyàn: kò sí òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà kankan lọ́wọ́ wọn, ẹ̀dà gan-an ò sí. Ọjọ́ méje tí òfin sọ ò bẹ̀rẹ̀ sí í kà níbì kankan.

Ibí yìí ni àléébù iṣẹ́ aláàbọ̀ àsìkò ti máa ń hàn. Ọ́fíìsì ìjọba ń ṣí láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, lójú ọ̀sán, wákàtí tí olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti atẹ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn gẹ́lẹ́. Fẹ́lóṣíìpù náà ti ṣètò ìpàdé sí Sátidé àti alẹ́ Ọjọ́rú, ìgbà tí ọwọ́ gbogbo wọn dilẹ̀, tí ọ́fíìsì sì ti tì. Ẹni méjì péré ni àárọ̀ wọn ṣófo: nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́, àti agùnbánirọ̀ lọ́jọ́ CDS rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ ìlú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n wá pín iṣẹ́ lọ́tun. Nọ́ọ̀sì kúrò nídìí kọ̀ǹpútà pátápátá, ó di ẹni tó ń gbé lẹ́tà. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun so èso ju alẹ́ mẹ́ta tí ẹlòmíràn fi ń wá fáìlì kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́tà kejì jẹ́ ojú kan. Ohun mẹ́ta péré ló béèrè: orúkọ àti kóòdù àwọn ibùdó tí wọ́n máa lò ní Gúúsù Àkúrẹ́, àwọn ibi tó ti yí padà, àti pé kí wọ́n fún wọn ní fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà bí ó bá wà. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n tẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa mú padà, ó rí i pé ọjọ́ hàn lára òǹtẹ̀ náà, ó sì ya á ní fọ́tò lórí káúńtà kó tó kúrò: 18 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá tó wà lórí ìjókòó béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó tún ní òfin Àbújá ni FOI, kò kan ìpínlẹ̀. Ìdáhùn méjèèjì wà. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ìdí. Ní ti èkejì, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀ka Àkúrẹ́ ti dájọ́ ní 2018 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, lórí ẹjọ́ tó jẹ́ ti Ondo gan-an. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí irú rẹ̀ múlẹ̀ ní 11 oṣù Kẹrin 2025, àmọ́ ìyẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì ò ka ẹjọ́ sí i létí. Ó ní, "Kò burú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹ ò lè fún wa, kí n rí nǹkan fi han àwọn tó rán mi." Òfin ló ní kí ẹni tó bá kọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú abala òfin tó gbára lé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà wọlé. Ní ọjọ́ keje wọ́n ní kí àwọn fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, èyí tí òfin gbà bí àkọsílẹ̀ bá pọ̀. Ní 2 oṣù Kejìlá, wọ́n gbé ìwé lé e lọ́wọ́: bébà ni o, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tí íńkì rẹ̀ ti ń tán.

Wọ́n ya ìwé náà ní fọ́tò, wọ́n fún ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, iṣẹ́ Excel sì bẹ̀rẹ̀. Èyí ló gba àkókò jù lọ, àṣìṣe inú rẹ̀ sì tọ́ kéèyàn wò ó fínnífínní.

Kóòdù ibùdó ìdìbò ní ìpín mẹ́rin: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ibùdó. Ondo ni 28. Gúúsù Àkúrẹ́ ni 06, torí pé wọ́n to àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 18 náà ní abídí. Nítorí náà, wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni 28/06/01. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí fáìlì wọ́ọ̀dù gbogbo ìpínlẹ̀ ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí, ó tọ́jú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí èkejì fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ ààlà wọ́ọ̀dù láti ọ̀dọ̀ GRID3 (ètò kan tó ń pín fáìlì máàpù), ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà péré ló bára mu: Odígbó, Òkìtìpupa, Ìlà-Oòrùn Ondo, Ìwọ̀-Oòrùn Ondo, Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Àwọn méjìlá yòókù ṣófo. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé fáìlì ààlà ló bàjẹ́. Wọ́n tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹta.

Olùkọ́ ló rí i lálẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tó fa kọ́lọ́mù náà fẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe 28/06/01 mọ́, 28-Jun-01 ni. Excel ti rò pé ọjọ́ ni: ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2001. Ìdànrè tó jẹ́ 08 ti di oṣù Kẹjọ. Ìrèlè, 12, ti di Kejìlá. Odígbó jẹ́ 13, kò sì sí oṣù kẹtàlá, ìdí nìyẹn tí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e fi bọ́. Ẹni tó bá sọ kọ́lọ́mù náà di nọ́ńbà á tún rí 37070 dípò 28/06/01, ìgbà yẹn ni nǹkan á wá rú pátápátá.

Ó ṣeé dá padà: =TEXT(A2,"dd/mm/yy") á gbé kóòdù náà jáde bó ṣe wà, níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ka ọjọ́ ṣáájú oṣù. Àmọ́ ọ̀nà tó dáa ni kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ tẹ fáìlì CSV, ìyẹn ṣíìtì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, lẹ́ẹ̀mejì ṣí i. Inú Excel ni kó ti pè é wọlé, kó sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni kọ́lọ́mù kóòdù, kì í ṣe nọ́ńbà. Wọ́n tún yí kóòdù náà fúnra rẹ̀ padà sí W28_06_01. Lẹ́tà tó wà níwájú yẹn ti tó. Kò sí ẹ̀rọ tó máa pè é ní ọjọ́ mọ́.

Orúkọ ni wàhálà tó kù. Nínú ìwé INEC, Gbogi/Isikan I ni wọ́n kọ. Ará ibẹ̀ á kọ Isinkan, onílé ìtajà á kọ Ìsìnkàn sára pátákó rẹ̀. Oke-Aro/Uro I àti II tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán sọ I di l, ó sọ II di 11. "Uro 11" wá dà bíi pé wọ́ọ̀dù kọkànlá ni, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní wọ́ọ̀dù 11 lóòótọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Bí wọ́n bá bi ẹlòmíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, orúkọ ọ̀kan nínú LCDA 33 (àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀) tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2023 ló máa dá wọn lóhùn, nígbà tó jẹ́ pé 18 péré ni òfin 1999 kà fún Ondo. Wọn ò tún orúkọ kankan ṣe. Wọ́n ṣe ṣíìtì kékeré kan: kóòdù, orúkọ tí INEC kọ, orúkọ tó wà lórí máàpù, orúkọ tó wà lẹ́nu èèyàn. Kóòdù ni wọ́n fi ń so fáìlì pọ̀ látìgbà náà.

Títí di àkókò yìí, kò tíì sí ará ìlú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tí wọ́n dé ọjà Ìsìnkàn ni ètò yí padà lẹ́ẹ̀kejì. Agùnbánirọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, ó ní àwọn ń pín dátà ìlú fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá náà fa fóònù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí ìjókòó rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ti MTN ni mò ń lò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "àkọsílẹ̀ ìjọba" ni wọ́n ń sọ lọ́jà. "Dátà" di ọ̀rọ̀ inú ìpàdé. Ìbéèrè tí ìyá náà wá béèrè tẹ̀ lé e ló tún níye lórí jù. Kò béèrè ibùdó ìdìbò, ó mọ tirẹ̀. Ó nàka sí gọ́tà tó wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ní: "Ta ló ni èyí? Ṣé kánsẹ́lọ̀ ni àbí gómìnà?" Nínú ìsọ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n dé lọ́jọ́ náà, irú ìbéèrè yẹn ni méje béèrè. Kò sí ibì kankan nínú máàpù wọn tó dáhùn rẹ̀.

Ìdáhùn wà nínú òfin 1999, Àfikún Kẹrin: ọjà, ibùdó ọkọ̀, ibi tí wọ́n ń pa ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn, kíkó ìdọ̀tí, títọ́jú gọ́tà àti òpópónà tó bá jẹ́ ti káńsù, sísọ títì àti òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ tó. Wọ́n pa máàpù tì. Bébà A4 kan fún wọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ṣe dípò rẹ̀. Lókè, orúkọ wọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń pè é àti kóòdù rẹ̀. Láàárín, àwọn ibùdó tó yí padà nìkan, pẹ̀lú àmì tí ojú mọ̀: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, ẹ̀yìn ilé ìtajà oògùn kan. Nísàlẹ̀, iṣẹ́ káńsù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn tó yí padà nìkan? Ní 2021, INEC sọ ibùdó Ondo láti 3,009 di 3,933. Púpọ̀ nínú 924 tó wọlé yẹn jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ibùdó mìíràn, tí wọ́n wá fún ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n sì tún gbé àwọn kan kúrò ní ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé àdáni. Ẹni tí ibùdó rẹ̀ ò yí padà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé tirẹ̀ nìkan ni bébà yẹn máa gbà lọ́wọ́ ìrìn òfìfo, yíyẹ àwọn wọ̀nyí wò sì ṣeé ṣe láàárín wákàtí tó kù. Wọn ò kọ orúkọ àwọn olùdíje sí bébà, torí pé orúkọ lè yí, bébà kì í sì yí lẹ́yìn tó bá ti jáde. Gúrúùpù WhatsApp ni wọ́n fi ìyẹn sí, pẹ̀lú ohùn tí kò pé ìṣẹ́jú kan fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Ìtẹ̀wé náà ní tirẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde láti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan nítòsí FUTA, gbogbo ẹ àti ọ tó ní àmì lórí sì ti di àpótí kékeré òfìfo. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ò ní fọ́ǹtì tí wọ́n fi kọ ọ́. Atẹ̀wé inú wọn yí i sí Noto Sans, ó sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé fáìlì Word lọ síta mọ́.

Ẹnì kan tó ń wá ipò wá sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn èyí. Ó ní òun á san owó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹ̀dà bí wọ́n bá gba òun láyè láti fi fọ́tò òun sí igun kan. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní rárá. Ọ̀rọ̀ náà mú ariyànjiyàn wá láàárín wọn, torí pé owó tó wà lọ́wọ́ ò lè tẹ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ìpinnu náà tọ́, ó sì ná wọn ní nǹkan: wọ́ọ̀dù kan lè ní ẹ̀dà tó tó ọgọ́rùn-ún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù oníṣègùn òyìnbó, ilé onídìrì àti ibi tí wọ́n ti ń gba agbára sí fóònù, níbi tí èèyàn ti ń dúró díẹ̀. Ẹlòmíràn mú fọ́tò ìwé orúkọ olùdìbò wá, tòun ti nọ́ńbà káàdì. Wọ́n pa á rẹ́ lójú rẹ̀, torí òfin 2023 tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni.

Kérésìmesì àti ọdún tuntun gba ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó wá sípàdé, ó sì yẹ kí ẹni tó ṣètò ti yọ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kúrò látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni fẹ́lóṣíìpù náà jẹ́ lóòótọ́. Nítorí èyí, Ọ̀dà àti Aponmu tó jìnnà, fóònù nìkan ni wọ́n fi yẹ wọ́n wò. Wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà sí bébà wọ́ọ̀dù méjèèjì: "A fi fóònù béèrè ni, a ò tíì fẹsẹ̀ débẹ̀." Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó fi kọ́lọ́mù méjì sínú gbogbo ṣíìtì rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, àti bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Kó sì ti mú ẹni méjì tí àárọ̀ wọn ṣófo kó tó mú ẹni tó mọ kóòdù kọ.

Ohun kan bàjẹ́ lẹ́yìn ìdìbò tí kò yẹ kó bàjẹ́. Orí Google Drive akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ṣíìtì gbogbo wà, lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó lọ fún IT rẹ̀, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ìlú mìíràn, àyè tó ní níbẹ̀ kún, fóònù rẹ̀ ò sì lọ déédéé. Àkáǹtì kan tó jẹ́ ti ètò fúnra rẹ̀, tí èèyàn mẹ́ta mọ ọ̀rọ̀ ìṣíná rẹ̀, ni ì bá ti wà láti Sátidé àkọ́kọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn fún oṣù méjì ni PDF tó wà ní kọ̀ǹpútà atẹ̀wé, àti bébà tó wà lára ògiri. Lórí ọ̀kan nínú wọn ní Òkè-Àró, ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ ti fi bírò búlúù fa igi lé ìlà kan, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti gbé ibùdó náà kọjá sí òdìkejì títì. Atẹ̀wé lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ó kọ ọjọ́ sí kọ́lọ́mù àkọ́kọ́, ó sì kọ "bírò ará àdúgbò, a sì fẹsẹ̀ débẹ̀" sí èkejì.